Kí Ẹ̀rọ Tó Ké

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ yín, bó bá ti sùn, ẹ yí ohùn rédíò wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá jókòó tì í, torí oorun rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lálẹ́ òní.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo dé Manchester láti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ mi obìnrin, nǹkan kan ké nínú yàrá wọn láago méjì òru kọjá. Ọdún 36 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ igbe ọmọ. Mo mọ igbe ebi, mo mọ ti inú rírun, mo mọ ti ìlédìí tó ti rin. Èyí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Igbe irin ni, tín-ín-rín, tó ń gún ni létí bí abẹ́rẹ́. N kò tíì wọ bàtà tán tí mo fi gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Mọ́mì! Ẹ gbà mí o! Kò mí mọ́!"

Mo já wọlé. Àna mi fara ti ògiri, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n débi pé kò lè tẹ nọ́ńbà. Ọmọ mi ti gbá ọmọ náà mú ní apá méjèèjì, ó ń mì ín jìgìjìgì bí ẹni ń mi ìgò oògùn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e mọ́ àyà. Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ahọ́n rẹ̀ pupa dáadáa, inú sì ń bí i pé wọ́n jí òun lójú oorun. Ó ké, ó mí, ó tún ké. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n há mọ́ etí ìlédìí rẹ̀ ló yọ, tó bọ́ sáàárín aṣọ. Nígbà tí kò rí ikùn tó ń lọ sókè sódò mọ́, ó gbà pé ọmọ ti dákẹ́, ló bá figbe ta.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ̀rọ a máa ké lásán nígbà mìíràn, mo lè fara da ìyẹn. Ohun tó já mi láyà lóru ọjọ́ náà ni pé, ká ní òótọ́ ló ké, ọmọ yẹn ì bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Tọkọtaya tó kàwé ni wọ́n, wọ́n fi owó tó jọjú ra olùṣọ́ fún ọmọ wọn, wọ́n ka ìwé tó bá a wá láti èèpo dé èèpo. Ìwé náà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì. Kò kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn ṣe bí ọmọ kò bá mí.

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìbàdàn, ìbéèrè lórí ẹ̀rọ yìí kò tán lọ́dọ̀ mi. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun ń rà á ránṣẹ́ sílé. Ìyá kan fi àwòrán rẹ̀ ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp: "Màmá, ọkọ mi fẹ́ rà á. Ṣé ká rà á?" Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ẹ̀rù ni. Èmi kò sì ní bú ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù lórí ọmọ nílẹ̀ yìí, ilẹ̀ tí a ti ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ni kò rí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ìyá tó ń jí lóru láti fi ọwọ́ wo imú ọmọ rẹ̀ kò ya wèrè. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó mọ irú olùṣọ́ tó fẹ́ gbà, kó mọ ohun tí olùṣọ́ náà lè rí àti ohun tí ojú rẹ̀ kò tó.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí pín sí. Ti àkọ́kọ́ ń ṣọ́ bí ara ọmọ ṣe ń mira. Òmíràn jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ fóòmù, òmíràn sì ni èyí tí wọ́n ń há mọ́ ìlédìí bíi ti ọmọ-ọmọ mi. Bí ikùn bá ti wú, tó sì wálẹ̀, ẹ̀rọ kà á sí pé ọmọ mí. Bí 20 ìṣẹ́jú àáyá bá kọjá láìsí nǹkan tó mira, ó ké.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tó fi ń dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé ọmọ tuntun kì í mí bí àgbà. Èmi àti ẹ̀yin, bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, a ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tuntun ń mí ní ìgbà 30 sí 60. Kì í sì í mí létòlétò. Ẹ jókòó ti èyí tó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ yín yẹn, ẹ ṣí aṣọ kúrò ní ikùn rẹ̀. Á mí kíákíá, kíákíá, kíákíá. Á wá dúró. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, nígbà mìíràn ẹ lè kà dé ẹ̀wá. Àyà yín á já. Á wá fa èémí ńlá kan bí arúgbó tó sọ ẹrù kalẹ̀, á tún máa bá tirẹ̀ lọ. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, ibi tó ń darí mímí nínú ọpọlọ wọn ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Bí ìdúró náà bá dé 20 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ahọ́n ọmọ dúdú tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti dé nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ojú ẹ̀rọ amira yìí kò tó. Ká ní ọmọ dojú kọ ìrọ̀rí, tí imú àti ẹnu rẹ̀ dí. Kò ní dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa jà. Ikùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ń wá afẹ́fẹ́ tí kò rí. Ẹ̀rọ tó wà létí ìlédìí á rí gbogbo ìjàkadì yẹn, á sì pè é ní èémí. Á dákẹ́ síbẹ̀ títí agbára ọmọ á fi tán. Èyí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ fóòmù tún ní tirẹ̀: fáànù tó ń mi ilé lè tàn án jẹ. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún ìyá orí WhatsApp yẹn pé kó kọ́kọ́ ko ìrọ̀rí kúrò lórí ibùsùn ọmọ, ká tó máa sọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀nà kejì ni ti ìbọ̀sẹ̀. Òun ló lókìkí jù báyìí. Iná pupa kan àti òmíràn tí ojú ènìyàn kò lè rí ni wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n ń tàn án gba inú ẹsẹ̀ ọmọ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ máa ń pupa yòò, èyí tí kò ní ọ́síjìn á ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ ń wo bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe gba iná sí, á sì ṣírò ọ́síjìn inú rẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló ronú kan ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Òun náà ni wọ́n ń há mọ́ ìka wa nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà. Ọgbọ́n tó ti gba ẹ̀mí là lọ́pọ̀lọpọ̀ ni, mo ti fi ojú ara mi rí i ní wọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n ti wọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ti ìyẹ̀wù. Owlet, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ Utah, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ní 2015. Ní oṣù kẹwàá 2021, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún kọ lẹ́tà sí wọn pé ohun tí wọ́n ń tà yìí, ẹ̀rọ ìṣègùn ni, wọn kò sì gba àṣẹ fún un. Wọ́n dá a dúró lọ́jà Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ tún un ṣe, wọ́n mú ẹ̀rí wá, àjọ náà sì fọwọ́ sí méjì ní 2023, ọ̀kan tí dókítà ní láti kọ fún ọmọ, ọ̀kan tí ènìyàn lè rà fúnra rẹ̀. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ fetí sí àlàyé tó wà lórí èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà: ọmọ tí ara rẹ̀ le, láti oṣù kan sí oṣù 18, ni wọ́n ṣe é fún. Láti oṣù kan! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìbọ̀sẹ̀ tó wà lọ́jà ló gba àṣẹ. Ní 2018, àwọn dókítà ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia gbé àbájáde kan jáde. Wọ́n mú irú ẹ̀rọ yìí méjì tí wọ́n ń tà nígbà náà, wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ 30, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe alábàárìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì máa ń mọ̀ ọ́n bí ọ́síjìn ọmọ bá wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà gbogbo. Ìkejì kò mọ̀ ọ́n rárá, kò sí ìgbà kan ṣoṣo. Ẹ ro ìyá tó wọ ìkejì yẹn fún ọmọ rẹ̀ tó sì lọ sùn fọnfọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú tààrà. Ìmọ́lẹ̀ ní láti gba inú awọ kọjá kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, awọ dúdú sì ń gbé nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Àwọn dókítà ní yunifásítì Michigan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní oṣù kejìlá 2020. Nínú 100 ìgbà tí ẹ̀rọ bá ka 92 sí 96 fún aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 12 tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an fi hàn pé ọ́síjìn náà kò tó 88. Ti aláwọ̀ funfun kò pé ìgbà mẹ́rin nínú 100. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá mi, ohunkóhun tí fóònù ìbáà sọ, ẹ la ẹnu ọmọ. Ẹ wo ahọ́n rẹ̀, ẹ wo erìgì rẹ̀, ẹ yí ètè rẹ̀ po kí ẹ wo inú rẹ̀. Awọ ọmọ wa lè dúdú bí kóró iṣin, ahọ́n rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n. Bí ahọ́n bá dúdú, ẹ má dúró gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ sọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn, torí kò sí nínú ìwé tó ń bá ìbọ̀sẹ̀ wá láti òkè òkun, ilé wa níbí ló sì wà. Jẹnẹrétọ̀ ni. Wọ́n mú iná lọ, bàbá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, ó tì í mọ́lẹ̀kùn, gbogbo ilé sùn. Èéfín kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní àyè tó yẹ kí ọ́síjìn wà, kì í sì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Àti pé ẹ̀jẹ̀ tí èéfín yìí bá gbà, pupa yòò ni. Iná inú ìbọ̀sẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn. Ilé lè máa kú lọ, kí nọ́ńbà orí fóònù máa sọ pé àlàáfíà ni. Kódà ahọ́n tí mo ní kí ẹ wò kò ní sọ fún yín, torí òun náà á pọ́n. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, kó jìnnà sí fèrèsé. Bí kò bá sí àyè tó jìnnà, ẹ pa á kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ. Ooru kì í pa ọmọ bí èéfín ṣe ń pa á.

Báwo la tiẹ̀ ṣe dé ibi tí ènìyàn fi ń ra aláàmù fún ọmọ tí kò ṣàìsàn? Ní 1972, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ New York, Alfred Steinschneider, kọ̀wé pé mímí tó ń dá lójú oorun ló ń fa ikú òjijì tó ń mú àwọn ọmọ ọwọ́, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè ní ikú inú kọ́ọ̀tì. Lára ẹ̀rí rẹ̀ ni ọmọ ìyá méjì tó kú lẹ́yìn tó ti ń ṣọ́ wọn. Ìròyìn náà tàn, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aláàmù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá sì so wáyà mọ́ àyà ọmọ wọn nílé. Ó lé ní ogún ọdún kí òtítọ́ tó yọjú: ní 1995, ilé ẹjọ́ dá ìyá tó bí ọmọ méjì yẹn lẹ́bi pé òun ló pa wọ́n, àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn mẹ́ta. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé lé nìyẹn.

Ní Bìrìtéènì, Anne Diamond, obìnrin tí gbogbo ilé mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ọmọ oṣù mẹ́rin ní 1991. Ó gbọ́ pé ní New Zealand wọ́n ti ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bó bá ń sùn. Ó lọ, ó rí i, ó padà wá yọ ìjọba lẹ́nu. Kí ọdún yẹn tó parí, ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ọdún díẹ̀, ikú náà dín ju ìdajì lọ. Wọn kò ra bátìrì kan. Wọ́n kàn yí ọmọ padà ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún un sọ ní 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé ẹ̀rọ inú ilé láti fi dènà ikú òjijì ọmọ.

Mo mọ̀ pé nígbà tí mo sọ pé kí ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, àwọn ìyá àgbà kan ti ń mi orí níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n á ní bó bá pọ èébì ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá mi, mo júbà. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe rí: bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èébì á ṣàn padà sí ìsàlẹ̀. Bó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ ló bọ́ sókè, ohun tó bá sì jáde níbẹ̀ lè ṣàn wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́. Wọ́n á ní ọmọ ń ta gìrì bó bá fi ẹ̀yìn sùn. Ó ń ta gìrì lóòótọ́, ìtagìrì yẹn sì wà lára ohun tó ń jí i kó lè mí. Wọ́n á ní orí rẹ̀ á tẹ́. Ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ nígbà tó bá jí, tí ẹ ń wò ó, tí ẹ ń bá a ṣeré, orí á tún ara rẹ̀ ṣe.

Ibi tí ọmọ ń sùn ló tún kù. Ẹní ni wọ́n tẹ́ àwa sí, ẹní sì le. Fóòmù ìgbà yìí ti jìn, ìrọ̀rí ti pọ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì onírun ti wọlé, wọ́n tún to ọmọlangidi yí ọmọ ká nítorí fọ́tò. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí ibùsùn le, kó tẹ́jú, kí ó wà nínú yàrá yín, nítòsí ọwọ́ yín. Kọ́ọ̀tì dára, apẹ̀rẹ̀ tó tẹ́jú nísàlẹ̀ dára. Mo mọ̀ pé ìyàrá kan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní, ibùsùn kan náà sì ni. Ẹ̀yin ẹ mọ agbára yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ tuntun sáàárín tọkọtaya, ẹ má bá a sùn lórí àga onítìmùtìmù láéláé, bí ẹnikẹ́ni bá sì mu ọtí, tó mu sìgá, tàbí tó lo oògùn oorun, kó má sùn tì í.

Ṣé kò wá sí ọmọ tó nílò ẹ̀rọ ni? Ó wà. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí mímí rẹ̀ ń dá gan-an, tàbí tí wọ́n gbé ọ́síjìn lé lọ́wọ́ lọ sílé. Ẹni tí dókítà rẹ̀ bá sọ pé kó lò ó, kó lò ó, dókítà náà á sì kọ́ ọ ní èyí tó dára àti bó ṣe máa dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n fún irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, olùṣọ́ kan wà tí wọ́n ti dán wò nílẹ̀ Yorùbá níbí, ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Colombia, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978 nítorí pé ínkúbétọ̀ kò tó: wọ́n ń bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, wọ́n ń gbé e lóòró sáàárín ọmú ìyá rẹ̀, ara kan ara, wọ́n á fi aṣọ gbà á mọ́ra, ojú rẹ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí imú má dí. Kangarúù ni a ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Àjọ ìlera àgbáyé dán an wò láti ìṣẹ́jú tí a bí ọmọ, láìdúró pé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àbájáde jáde ní 2021. Àwọn ọmọ tí kò tó kílò méjì ni wọ́n. Nínú 100 tí wọn kò tètè gbé sáyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 tó kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú 100 tí wọ́n gbé sáyà lójú ẹsẹ̀, 12 ni. Nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ọmọ bíi mẹ́rin ló ń bẹ láàyè torí pé àyà ìyá wọn ń lọ sókè sódò lábẹ́ wọn.

Ó ku ọwọ́ yín. Ẹ̀rọ ìbáà ké, ó lè má ké, bí ojú yín kò bá ti gba bí ọmọ ṣe sùn, ẹ tan iná. Ẹ wo ọmọ kí ẹ tó wo fóònù. Ẹ pè é, ẹ fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbàgbé láti mí, ìyẹn ti tó láti rán an létí. Ẹ má mì í. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbé orí rẹ̀, ọpọlọ á máa gbá mọ́ agbárí, ẹ̀jẹ̀ á sì ya nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi gba ọmọ rẹ̀ là lóru ọjọ́ yẹn ló lè pa á. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Ẹ má da omi tútù lé e, ẹ má ki àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ̀ màlúù kàn án lẹ́nu.

Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, ẹ figbe ta kí ẹlòmíràn pe 112, kí ẹ̀yin má kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Bìrìtéènì nìyí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tó le, tábìlì tàbí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ dúró gbọọrọ, ojú rẹ̀ kó kọ òrùlé, kó má tẹ̀ síwájú, kó má sì rọ sẹ́yìn. Ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nìkan ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, wẹ́rẹ́, títí àyà rẹ̀ á fi gbé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jí, ẹ fi àtàǹpàkò méjì tẹ egungun àárín àyà rẹ̀, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ní ìgbà 30, kíákíá. Ẹ tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. 30, méjì, 30, méjì, ẹ má dúró títí á fi mí tàbí títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Gbígbọ́ lórí rédíò kò tó. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fi hàn yín. Ẹ mú bàbá ọmọ dání.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní Manchester, mo béèrè ọmọlangidi. Wọ́n gbé béárì kékeré kan tí wọ́n fi ta ọmọ lọ́rẹ wá. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná, mo pe àna mi. Ojú kọ́kọ́ ń tì í níwájú ìyá ìyàwó, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo ní, "Ọmọ mi, tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Ó ń tún un ṣe títí ó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ṣe é, omi ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń ka 30.

N kò sọ fún un pé kó sọ ẹ̀rọ náà nù. Ó ṣì ń há a mọ́ ìlédìí ọmọ ní alẹ́ yẹn àti ní alẹ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jí láti mu omi, mo rí iná tó ń jó bàìbàì lábẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Ó jókòó sétí kọ́ọ̀tì, ó fi ọwọ́ lé ikùn ọmọ, ó ń wo aago ògiri. Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì, ó ti pa á. "Mọ́mì," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo kà." Mo ní kó dúró díẹ̀, kí oorun wọ ọmọ náà lára, kó tún un kà. A jọ dúró. Ọmọ náà mí kíákíá, ó dá dúró, ó fa èémí ńlá yẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún un kà. Mẹ́rìnlélógójì.